Bóòtù Kan Ṣoṣo Tó Kù Lára Mustikka

Ẹnu Lempi Harju ló kó bá a. Ká ní ó rọra mu kọfí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, tó sì fi Sulo sílẹ̀ kó máa wí tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tí ì bá gbé ẹ̀wọ̀n irin wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lempi kì í ṣe ẹni tí í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó gbé e mì.

Ẹ̀yìn ìsìn ni, ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Salmela, lápá òkè Míṣígàn, lóṣù kìn-ín-ní tí yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé. Sulo Niemi, alága ẹgbẹ́ apẹja, dìde pé òun ní ìkéde. Lọ́dọọdún lẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé ògbólógbòó mọ́tò kan sórí adágún tó ti dì. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á fa ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n so ó kí wọ́n lè wọ́ ọ jáde tó bá yá, gbogbo ìlú á wá máa méfò ọjọ́ tí yìnyín máa yọ́ tí mọ́tò máa rì. Ẹni tó bá méfò bá ló jẹ.

"A ò tíì rí mọ́tò tọdún yìí o," ni Sulo wí, ó wá yíjú sí Lempi. "Àfi ká lọ gbé ti Lempi. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń sùn. Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ bá a wẹ̀ ẹ́."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Arvo, ọkọ Lempi, náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dun obìnrin náà jù.

"Sulo," ni Lempi wí, ó gbé ife kalẹ̀. "Ìwọ alága apẹja tó jẹ́ pé ọjà lo ti ń ra ẹja relé. Ó dáa. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá wa Mustikka wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Bí agogo ìsìn bá lù tí mi ò tíì dé, kó o gbé ẹ̀wọ̀n rẹ wá. Màá bá yín tì í dórí omi."

Pásítọ̀ gbọ́. Àwọn akọrin gbọ́. Ẹyin lohùn, àwọn tó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó bíi ọgọ́ta.

Mustikka lorúkọ tó sọ mọ́tò rẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pe èso búlúù wẹ́wẹ́ nìyẹn, èyí tí gbogbo Salmela máa ń lọ já nígbó lóṣù kẹjọ. Mọ́tò kékeré ni, búlúù ni, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ nídìí. Ẹni tó bá wò ó lójú kan kò ní mọ ohun tí Lempi rí lára rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Lempi fi se oúnjẹ fáwọn ọmọ iléèwé ìlú náà, kò sì mọ mọ́tò wà nígbà yẹn. Arvo ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ọkọ rere ni Arvo, kò mutí, kò lu ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ìjàfara ń ṣe é. Bí Lempi bá ní ó yá, á ní, "Mò ń bọ̀." "Mò ń bọ̀" yẹn á dàgbà, á hu irùngbọ̀n. Lempi ti wọ ẹ̀wù òtútù jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí òógùn fi bò ó, bẹ́ẹ̀ yìnyín ń bọ́ níta. Lọ́dún tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó lọ kọ́ mọ́tò, ó kó owó tó ti ń fi pa mọ́ láti ilé ìdáná iléèwé, ó ra Mustikka. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wà á yí adágún ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò síbi tó ń lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin báyìí, kò sí owó tí yóò fi ra òmíràn. Bí Mustikka bá lọ sórí omi, Lempi mọ̀ dájú pé òun tún máa wọ ẹ̀wù òtútù, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun á máa retí "mò ń bọ̀" títí òun á fi kú.

Lóṣù kọkànlá tó ń ti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ bọ̀ ni ẹ́ńjìnnì gbóná, tí èéfín funfun ń rú jáde nídìí mọ́tò. Nígbà tó yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò, ó bá ọ́ìlì tó rí bíi kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí. Mẹkáníìkì mi orí. Ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ ti jó, àwọn méjèèjì ti pàdé, owó àtúnṣe sì ju owó mọ́tò lọ. "Ẹ rọra sin ín, ìyá," ló wí.

Lempi ní òun ò rí òkú níbẹ̀. Ìkòkò ńlá onírin tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ níléèwé, ta ló ń pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń jò? Òun náà ni. Ìkòkò ni ìkòkò ń jẹ́, ó ní, ti mọ́tò kàn ń rìn ni.

Ó yá ìwé àtúnṣe ní ilé ìkàwé, ó gbé e lé ohun tó máa ń gbé ìwé oúnjẹ lé, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì. Kò jẹ́ kí bóòtù kan fara kan èkejì. Ó gé ẹ̀gbẹ́ kan lára páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ya ẹ́ńjìnnì sí i, ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan bá ti jáde lára mọ́tò ló ti dá ihò sára páálí, tó sì ki bóòtù náà bọ̀ ọ́. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Eléyìí gùn." "Eléyìí kúrú, má ṣìnà." "Eléyìí le, àdúrà ni mo fi tú u." Bóòtù mọ́kàndínlógójì ló wà lára páálí yẹn. Orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí ìlú kejì kí wọ́n bá a fá a kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní ló padà dé. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kejì ni Sátidé, Sátidé sì ni ọjọ́ sáúnà. Ní Salmela, ènìyàn lè gbàgbé ọjọ́ tó gbéyàwó, kò lè gbàgbé sáúnà. Ti àwọn Harju wà lẹ́yìn ilé, ilé onígi kékeré kan tí ààrò irin wà nínú rẹ̀, òkúta kún orí ààrò, tọkọtaya á jókòó sórí àga gíga, wọ́n á máa làágùn. Arvo ló ń dáná rẹ̀. Arvo tó ń fi gbogbo nǹkan jáfara láyé, kì í fi iná sáúnà jáfara.

Lempi wọ gáréèjì lọ́sàn-án, ó wo orí tábìlì, ó tún un wò, ó sì jáde sínú yìnyín láìwọ ẹ̀wù.

"Arvo! Páálí mi dà?"

"Páálí wo?"

"Páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì gáréèjì."

"Áà, ìyẹn! Ó gbẹ, kò kéré. Bí iná ṣe rí i báyìí ló gbá a mú."

Lempi di ògiri mú.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn," ni Arvo wí. "Ṣó o rò pé mi ò ní làákàyè ni? Mo yọ gbogbo irin ara ẹ̀ kí n tó sun ún. Mo bá ẹ tọ́jú wọn." Ó na agolo kọfí kan sí i, ó mì ín, ó dún ṣaworo. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Arvo."

"Kò tọ́pẹ́."

"Arvo! Ọ̀rọ̀ wà lára páálí yẹn!"

"Mo rí i. Mo tiẹ̀ ka ọ̀kan. O ní àdúrà lo fi tú u. Ó wú mi lórí gan-an ni."

Lọ́jọ́ náà Lempi ò wọ sáúnà. Ọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ra, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn. Ó wẹ̀ nínú ilé bí àlejò, Arvo nìkan ló lọ jókòó làágùn.

Láti ọjọ́ Ajé, obìnrin náà gbájú mọ́ agolo. Ó ń ti sìpàgẹ́tì gbígbẹ bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, á ṣẹ́ ẹ níbi tó bá mọ, á wá máa wá bóòtù tó gùn tó o. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bọ́ igba ọmọ lóòjọ́ kì í jókòó retí kí wọ́n kọ́ òun. Sípánà oníwọ̀n, èyí tó máa ń dún kọ́ọ́ tí bóòtù bá ti fún tó, Sulo ló yá a. Ní Salmela, èèyàn lè fi ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ kó sì yá ẹ ní irinṣẹ́ lọ́sàn-án, wọn ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Arvo ló ń ka ìwé fún un, ìyẹn ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ní ètò tí wọ́n fi ń dè wọ́n, láti àárín lọ sí eteetí, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ìkẹrin," ni Arvo kà. "Ọwọ́ ọ̀tún."

"Ọ̀tún tèmi àbí ọ̀tún mọ́tò?"

"Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀tún mọ́tò?"

"Ọ̀tún ẹni tó bá jókòó sídìí ìdarí ẹ̀."

"Ìwọ nìyẹn nígbà yẹn."

"Èmi náà ni." Sípánà dún kọ́ọ́. "Kà síwájú, jàre."

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, bóòtù méjìdínlógójì ti wọlé, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti jókòó jẹ́ẹ́, orí ẹ́ńjìnnì ti wà lórí ọrùn rẹ̀. Bóòtù kan ló kù tí kò sí. Kékeré ni, òun ló ń di ẹnu ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀. Láìsí i, omi á máa dà ṣùrù, ẹ́ńjìnnì á tún gbóná, gbogbo iṣẹ́ náà á dasán. Lempi da agolo kọfí dojú dé. Ó gbá ilẹ̀ gáréèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé asẹ́ ìyẹ̀fun lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ń da eérú sáúnà sí, ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń sẹ́ eérú, Arvo sì dúró tì í, ó di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un torí ojú ọjọ́ ti ń ṣú.

"Arvo, ṣó dá ẹ lójú pé gbogbo ẹ̀ lo kó?"

Arvo wo eérú. "Mo kó wọn," ló wí, ó sì wúkọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Lempi fóònù ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Wọ́n ní yìnyín ti dí ọ̀nà, ó di Túsìdé. Ó tú bóòtù kan lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yìnyín, kò bá a mu. Ó tú òmíràn lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sanra jù. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ni Sulo bá a, ẹ̀wọ̀n irin léjìká.

"Kí lo gbé yẹn?" ni Lempi bi í.

"Ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kí n wá wọ̀n ọ́n wò, kó má lọ fún un jù."

"Sulo, mo ní sípánà lọ́wọ́ o."

"Sípánà mi ni. Bóòtù mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan."

Ẹ̀rín kúrò lójú Sulo. "Ọ̀kan péré? Ọ̀kan péré, Lempi?" Ó ju ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ relé, ó sì gbé odindi àpótí bóòtù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ dé. Òun tó wá wọn mọ́tò fún ikú ló tún wá ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tó ń dán bóòtù wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìkankan ò bá a mu. Nígbà tó ń lọ, ó fi ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀ gáréèjì, ojú sì ń tì í.

Lọ́sàn-án Sátidé, Lempi jókòó sídìí ìdarí Mustikka nínú gáréèjì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó sunkún. Kò sunkún fún ìtìjú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rí ẹ̀wù òtútù náà, ó ń rí àga ẹnu ọ̀nà. Arvo kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Sáúnà ti gbóná," ló wí. "Wá fi ooru díẹ̀ sára."

Ó rẹ Lempi, agbára àtibínú ti tán lára rẹ̀. Ó lọ. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gíga ní ìhòòhò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélógójì. Arvo bu omi sórí òkúta, ooru rú, ó bo ibi gbogbo. Nígbà tó lọ sílẹ̀, Lempi ń wo iná láàárín ilẹ̀kùn ààrò, kò ro nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ohun tó di àgbékọ́ ilẹ̀kùn náà mú. Orí bóòtù ni. Ó kéré, ó mọ́, Lempi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó ń bẹ lápò ṣòkòtò. Ti Lempi, kò tilẹ̀ sí ṣòkòtò nídìí ẹnikẹ́ni.

"Arvo."

"Hẹn?"

"Kí ló wà lára ilẹ̀kùn ààrò yẹn?"

Arvo yára bu omi mìíràn sórí òkúta.

"Má fi ooru bò mí lójú! Kí ni yẹn?"

"Ilẹ̀kùn yẹn fẹ́ já lọ́jọ́ yẹn. Mo mú ọ̀kan nínú agolo. Ó kéré, mo rò pé wọn ò ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

"Ìgbà wo lo rántí pé ìwọ lo mú un?"

Arvo ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀! Mo kúnlẹ̀ sẹ́ eérú lọ́jọ́bọ̀! Ìwọ lo di tọ́ọ̀ṣì mú!"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Láti oṣù kọkànlá la ti jọ ń jókòó nínú ọkọ̀ mi. Ò ń bú mi pé mò ń wakọ̀ bí ìgbín. Ò ń jẹ páì ẹran, èérún ẹ̀ wà lórí ìjókòó mi títí di báyìí, mi ò gbá a. Kó tó di pé Mustikka dùbúlẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń nìkan rìn, Lempi. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó bá ti dìde, mi ò tún ní rí ẹ níbẹ̀ mọ́."

Inú bí Lempi, àánú sì ṣe é, ìbínú ló kọ́kọ́ ráyè jáde.

"Àgbà ọ̀daràn! Olójú àánú! Lọ mú sípánà wá!"

"Báyìí? Níhòòhò?"

"Báyìí náà!"

Arvo sán táwẹ́ẹ̀lì, ó sáré gba inú yìnyín lọ. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó lọ, ó sì bọ̀. Lempi fi ìbọ̀wọ́ di bóòtù gbígbóná mú, ó tú u, ó jù ú sínú garawa yìnyín, ó dún ṣíì. Arvo fi wáyà so ilẹ̀kùn ààrò dípò rẹ̀.

Wọ́n wọṣọ. Bóòtù wọlé bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Lempi da omi sí rédíétọ̀, ó da ọ́ìlì tuntun, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mustikka wúkọ́, ó dákẹ́. Lempi tún yí i. Ó tún wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì dìde, èéfín funfun kún gáréèjì. Lempi sáré ṣí ìwé. Ìwé ní omi tó kù nídìí rẹ̀ ló ń gbẹ, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ṣílẹ̀kùn gáréèjì, wọ́n ní sùúrù, Arvo ń ka ìṣẹ́jú sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá, èéfín mọ́. Kò sí omi tó ń kán. Ẹ́ńjìnnì ń rọra kùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, Lempi sì gbé orí lé ìdarí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi tún ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ti jókòó sínú Mustikka kí ọkọ rẹ̀ tó jáde. Ó fọn fèrè. Arvo dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Máa lọ," ló wí. "Màá bá ẹ níbẹ̀."

"Kí ló wà lófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí?"

"Kí n jókòó síbẹ̀?"

"Ṣebí o ní o fẹ́ ká jọ máa jókòó. Mi ò gbọ́ kó o sọ ẹni tó máa wakọ̀."

Arvo ronú sí i. "Mò ń bọ̀," ló wí. "Jẹ́ n kàn wá bàtà mi kejì, kí n..."

Lempi fi jíà mọ́tò sí ẹ̀yìn, Mustikka bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Aládùúgbò tó bá jí lọ́jọ́ náà rí i: Arvo Harju, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń sáré nínú yìnyín tòun ti bàtà lọ́wọ́, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó bẹ́ wọlé.

Agogo ìsìn kò tíì lù nígbà tí wọ́n dé. Sulo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ṣí fìlà. Lempi na sípánà rẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé. Ó ní ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wà ní gáréèjì, ìgbà tó bá wù ú ni kó wá gbé e, àmọ́ kó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé torí èèyàn lè wà ní sáúnà.

Lẹ́yìn kọfí, wọn ò gba ọ̀nà ilé. Lempi yà sí ọ̀nà adágún. Wọ́n kọjá ibi tí ẹgbẹ́ apẹja ti gún ẹ̀ka igi mẹ́rin sórí yìnyín láti fi sààmì ibi tí mọ́tò máa dúró, ibẹ̀ sì ṣófo. Nígbà tí wọ́n yí i ká dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Arvo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

"Kò síbì kankan," ni Lempi wí.

Arvo mi orí pé ó dáa. Ó mú páì ẹran jáde láti àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì sí Lempi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀. Èérún rẹ̀ ń já bọ́ sórí ìjókòó Mustikka. Lempi rí i, kò sì gbá a.